Ó ń rí àlejò tí ẹlòmíràn kò rí: Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí Parkinson's ń bá jà

Bí ọwọ́ bàbá bá ń gbọ̀n, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, àwọn èèyàn á ní ọjọ́ ogbó ló dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá yìí kan náà bá na ìka sí igun yàrá, tó ní kí wọ́n lé àwọn ọmọdé tó jókòó síbẹ̀ jáde, nígbà tí kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà. Àwọn kan á ní orí rẹ̀ ti dàrú, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n á máa gbé e kiri ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń ta ayò á sì dín ẹsẹ̀ kù.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àìsàn kan ṣoṣo ló lè fa ọwọ́ gbígbọ̀n àti àwọn ọmọdé tí ẹnikẹ́ni kò rí. Parkinson's ni wọ́n ń pè é, orúkọ James Parkinson, dókítà ará London tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1817. Òun ló bá Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, fínra láti 1984 tí àwọn dókítà ti dárúkọ rẹ̀ fún un títí tó fi kú ní 2016. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine, èròjà tí ara fi ń rìn geere, ló ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó lè kan ibi tí ọpọlọ ti ń túmọ̀ ohun tí ojú rí.

Oògùn pàápàá lè dá kún un. Levodopa ni olórí oògùn àìsàn yìí, ṣùgbọ́n ó lè máa fi ohun tí kò sí han àgbàlagbà. Artane náà máa ń da iyè arúgbó rú. (Levodopa yìí wà nínú hóró yèrèpè tí gbogbo ará oko ń sá fún! Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fojú díwọ̀n iye tó wà nínú hóró kan, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sè é fún aláìsàn.) Bó bá jẹ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni ọkàn rẹ̀ dàrú, ó lè jẹ́ ibà, àkóràn nínú ìtọ̀, àìmu omi tó tàbí àìrí ìgbẹ́ yà. Ìyẹn kò gbọdọ̀ di ọ̀la kó tó dé ilé ìwòsàn.

Ká ní Ọ̀yọ́ ni ọ̀rẹ́ ń gbé, tí aláìsàn sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tètè wọ ọkọ̀ láàárọ̀, torí bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni ìran náà sábà máa ń pọ̀ sí i. Bó bá wọlé, kó dárúkọ ara rẹ̀, kó má ṣe bi í pé "Ṣé o mọ̀ mí?" bí ẹni ń dán ọmọ iléèwé wò. Bí aláìsàn bá ní ajá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àríyànjiyàn kò wúlò, ẹ̀rín ló sì burú jù. Kó sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, èmi kò rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwọ ń rí i. Jẹ́ kí n tan iná ká jọ wò ó." Nígbà mìíràn, agbádá tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri ló di èèyàn lójú rẹ̀. Kí wọ́n ká a kúrò, kí wọ́n bo dígí, kí tọ́ọ̀ṣì sì wà nítòsí fún alẹ́ tí kò bá sí iná.

Ìyàwó ilé ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ó lè ti ṣe òru mẹ́ta láìsùn, kí ọkọ rẹ̀ sì tún máa fẹ̀sùn àlè kàn án. Bí ọ̀rẹ́ bá lè jókòó tì í kí ìyá náà sùn fún wákàtí méjì, ó ti ṣe oore ńlá.

Èyí tó léwu jù ni abẹ́rẹ́. Bí aláìsàn bá ń pariwo lóru, ẹni tí kò mọ àìsàn rẹ̀ lè gún un ní haloperidol tàbí Largactil, tí wọ́n ń lò fún wèrè. Àwọn wọ̀nyí ń dí dopamine lọ́nà. Ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lè le gbagidi, kó má lè gbé oúnjẹ mì. Dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní oògùn mìíràn tó lè lò, bíi quetiapine. Bẹ́ẹ̀ ni dídá oògùn Parkinson's dúró lójijì lè pa á. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń gbàdúrà fún un, kó jẹun, kó sì lo oògùn rẹ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ LAUTECH wà, ti Bowen náà wà, níbi tí Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ní 1907. Àwọn ará Ọ̀yọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba ìlú wọn. Bó bá ju ìyẹn lọ, àwọn dókítà ọpọlọ àti iṣan ara wà ní UCH, Ìbàdàn. Kí ọ̀rẹ́ kó páálí gbogbo oògùn dání, pẹ̀lú ìwé tó kọ wákàtí tí aláìsàn ń lò wọ́n sí àti wákàtí tí àwọn àlejò náà ń dé.