Líìgì tí wọ́n gbá, tí wọ́n tún ní kò ṣẹlẹ̀: Bí àrùn Kòrónà ṣe da sáà bọ́ọ̀lù rú mọ́ àwọn ará Ìjió lọ́wọ́

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa, nílùú Ìjió

Bí ẹ bá dé ìlú Ìjió, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà, nílẹ̀ Òkè-Ògùn, tí ẹ sì béèrè ohun tí àrùn Kòrónà gbà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́dún 2020, àwọn tí yóò sọ̀rọ̀ ọjà tí kò tà àti iṣu tí kò rí ọkọ̀ gbé e dé Ìbàdàn ni wọn yóò pọ̀ jù. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà rẹ̀ la ti bá a, níbi tó ti ń dúró de èrò, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé bí kì í bá ṣe ti Kòrónà, a kò ní bá òun níbẹ̀ rárá. Ó ní ká má dárúkọ òun, nítorí ìyàwó òun kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni lọ́dún náà, apá òsì níwájú ló sì máa ń gbá. Níbi ìdíje ọ̀dọ́ kan ní Ṣakí ni ẹnì kan ti rí i, tí onítọ̀hún sì ní kó wá fi ara rẹ̀ hàn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ìbàdàn tó ń kópa nínú líìgì kejì. Ó ta iṣu tó gbìn sí etí oko bàbá rẹ̀, ó fi ra bàtà bọ́ọ̀lù tòkunbọ̀ ní Ìṣẹ́yìn, ó sì wọkọ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wò ó. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dáa, kó lọ sílé, kó padà wá ní ìparí oṣù kẹta kí wọ́n lè parí ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀. Kí ìparí oṣù kẹta tó pé, kò sẹ́ni tó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní gbogbo Nàìjíríà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ pé wọ́n dá bọ́ọ̀lù dúró lọ́dún náà. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ yé wọn ni bí ìyà ọ̀rọ̀ náà kò ṣe dọ́gba. Fún àwọn òǹkàwé wa tí kì í fi gbogbo ara tẹ̀lé bọ́ọ̀lù abẹ́lé, líìgì àgbà ilẹ̀ wa ni wọ́n ń pè ní NPFL. Èyí tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ ni NNL, líìgì kejì. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ yóò gòkè, èyí tí kò bá ṣe dáadáa lókè yóò já wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígòkè àti jíjá wálẹ̀ yìí gan-an lẹ̀mí líìgì kejì. Kò sí àńfààní àtilọ gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ òkèèrè nínú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kì í sábà gbé e, owó ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ẹ bá ti yọ gígòkè kúrò, kí ló tún kù?

Ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní 3SC, wà nígbà náà. Ọdún 2017 ni wọ́n já wálẹ̀ láti líìgì àgbà. Ẹni tí kò bá dàgbà tó lè má mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwa náà kò mọ̀ ọ́n tó bó ṣe yẹ, àfìgbà tí a jókòó ti bàbá kan nílé rẹ̀ ní Ìjió, ẹni tí rédíò rẹ̀ ti ta wáyà lára, tó sì fi rọ́bà dè é pọ̀. Bàbá ní ọmọ ilé ìwé lòun lọ́dún 1976, nígbà tí ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní IICC Shooting Stars nígbà náà, na Tonnerre ti Yaoundé, tí wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife lórílẹ̀-èdè wọn nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà kankan. Bàbá ka orúkọ wọn fún wa láìwo ìwé: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Mudashiru Lawal. Ó fò dé ọdún 1984, nígbà tí Zamalek ti Íjíbítì borí wọn ní àṣekágbá. Ó tún dé 1992, tí wọ́n gba ife CAF lọ́wọ́ Nakivubo Villa ti Uganda. Nígbà tó dé 1996, tí Zamalek kan náà tún fi pẹnárítì gba ife lọ́wọ́ wọn, ó dákẹ́, ó ní ká jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wá ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì kejì, tí àwọn ọmọdé Ìjió sì ń wọ ẹ̀wù Chelsea àti Arsenal níṣojú bàbá. Ó ní lọ́dọọdún lòun ń sọ pé ọdún yìí ni wọn yóò gòkè. Sáà 2019 sí 2020 ni ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n ń gbìyànjú.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà hàn ní Nàìjíríà, òyìnbó ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé, tó sì ti dé ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n tó mọ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ni wọ́n dá líìgì àgbà dúró, tí gbogbo líìgì yòókù náà sì dákẹ́. Wọ́n ti ń gbá líìgì kejì kó tó dìgbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ti gbogbo rẹ̀ pa ní tirẹ̀. Ìséde alẹ́ ni Gómìnà Ṣèyí Mákindé pa láṣẹ, kò sì pẹ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà ti wà lára gómìnà fúnra rẹ̀, kí ara rẹ̀ tó yá. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Báwo ni ẹgbẹ́ kan láti Ìbàdàn ṣe máa lọ bá òmíràn gbá nígbà náà?

Ibi tí ìyà ti yàtọ̀ nìyí. Ní líìgì àgbà, nígbà tí ó hàn gbangba pé wọn kò lè parí sáà, ìṣirò ni wọ́n lò. Wọ́n mú àmì tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, wọ́n pín in sí iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù, èyí tó bá pọ̀ jù ló wà lókè. Plateau United ti Jọ́ọ̀sì ló ṣíwájú, Enyimba tẹ̀ lé e, ìyẹn ló sì gbé àwọn méjèèjì dé ìdíje àwọn ọ̀gá nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn èèyàn pariwo, pàápàá nítorí pé ìṣirò náà ti Rivers United sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó kéré tán, òógùn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù là níbẹ̀ ní ìwúlò.

Ní ti líìgì kejì, àjọ NFF kàn fagi lé e ni láàárín ọdún náà. Kò sẹ́ni tó gòkè, kò sẹ́ni tó já wálẹ̀. Wọ́n kò bá ẹnikẹ́ni pín àmì kankan. Gbogbo ayò tí wọ́n jẹ, gbogbo ìrìn òru tí wọ́n rìn nínú bọ́ọ̀sì, bí ẹni tó kọ̀wé sórí omi. Nítorí pé wọn kò já ẹnikẹ́ni wálẹ̀ láti líìgì àgbà, kò sí àyè lókè tí ẹni ìsàlẹ̀ lè bọ́ sí.

Ká má parọ́, àwọn tó ṣe ìpinnu náà ní ohun tí wọ́n lè wí. Àyẹ̀wò àrùn náà gbówó lórí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ líìgì kejì, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń bọ́ wọn, owó oṣù lásán sì ń ṣòro fún àwọn míì láti san nígbà tí kò tilẹ̀ sí àrùn. Ghana, alábàágbé wa, náà fagi lé sáà tirẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà ọdún náà. Àmọ́ ti Ghana, àti òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n jọ fagi lé. Kò sí pé wọ́n ka ti ọ̀gá, kí wọ́n da ti ọmọ iṣẹ́ nù.

Ẹ sì wo ibòmíràn. Ní ilẹ̀ Faransé, oṣù kẹrin ni ìjọba ti ní kò gbọdọ̀ sí bọ́ọ̀lù mọ́ nínú sáà yẹn, síbẹ̀ Lorient àti Lens gòkè láti líìgì kejì lórí ohun tí wọ́n ti ṣe kí àrùn tó dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbá tiwọn parí láìsí òǹwòran, Leeds United sì gòkè lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ti Ṣáínà. Ìlú Wuhan níbẹ̀ ni ayé ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa àrùn náà ní ìparí ọdún 2019. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, Wuhan Zall, lọ ṣe ìgbáradì ní Sípéènì, wọn kò sì rí ilé wọ̀ títí di oṣù kẹrin ọdún 2020. Síbẹ̀, wọn kò pa líìgì kejì wọn rẹ́. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pín àwọn ẹgbẹ́ sí agbo mélòó kan, wọ́n sì kó agbo kọ̀ọ̀kan jọ sí ìlú kan ṣoṣo kí wọ́n má baà máa rìn káàkiri. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ó ti tán. Changchun Yatai gba ipò kìíní, wọ́n sì gòkè. Ẹgbẹ́ tó ṣe ìkejì bá Wuhan Zall wàákò, Wuhan ló sì borí, tí wọ́n fi dúró sí líìgì àgbà. Owó Ṣáínà kì í ṣe owó wa, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kíkó ẹgbẹ́ mélòó kan jọ sí ìlú kan kì í ṣe ohun àjèjì sí Nàìjíríà; bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń gbá ìdíje àṣekágbá líìgì kékeré níbí.

Ní Ìjió, ẹni tó ni ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní ìlẹ̀kùn òun wà ní títì fún oṣù bíi mélòó kan. Jẹnẹrétọ̀ náà kò ṣiṣẹ́, eku jẹ wáyà. Ẹnubodè Benin, tí ìjọba ti tì pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019, kò tíì ṣí nígbà náà, ọjà kò sì yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní nígbà tí líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà dé ní oṣù kẹfà, tí a ń gbọ́ ariwo òǹwòran tí kò sí níbẹ̀ láti inú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ kan ń rọra kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. A bi í bóyá ó ṣí i fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká mu omi.

Ọlọ́kadà wa ní tirẹ̀ ń retí ìpè láti Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti fagi lé líìgì, ó rò pé ti ọdún yẹn nìkan ni. Ó ń sáré lójú ọ̀nà oko láàárọ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ilé ìwé tí wọ́n tì pa. Ní oṣù kẹjọ, bàbá rẹ̀ ṣàìsàn, ó di pé òun ló ń bójú tó oko. Kí líìgì kejì tó padà dé lọ́dún 2021, ẹni tó mú un lọ sí Ìbàdàn kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Àwọn tó bá níbẹ̀ nígbà tó tún lọ kò mọ̀ ọ́n rí, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ó ní òun sọ òtítọ́ fún wọn. Lójú tiwa, ìyẹn gan-an lè jẹ́ àṣìṣe rẹ̀, nítorí gbogbo wa la mọ bí ọjọ́ orí agbábọ́ọ̀lù ṣe máa ń rí ní Nàìjíríà. Wọ́n ní àwọn tó kéré jù ú lọ làwọn ń wá. Ọdún kan péré ló fi jù wọ́n lọ.

Sáà tuntun náà, lọ́dún 2021, ni 3SC gòkè padà, tí Edith Agoye jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ jọ gòkè pẹ̀lú wọn. Àwọn náà wà nínú líìgì kejì tí wọ́n fagi lé ní 2020. Ní 2025, Remo Stars yìí kan náà ló gba ife líìgì àgbà ilẹ̀ wa, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Bí ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ ó rò pé kò sóhun tó bàjẹ́. Ẹgbẹ́ lè dúró de ọdún kan. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ni kò lè dúró.

Bàbá onírédíò kò fẹ́ gbọ́ ti Remo Stars. Ó ní ọmọ àná ni wọ́n. Bí a ṣe ń dìde láti máa lọ, ó ní kí ọmọ òun, ìyẹn akọ̀ròyìn wa, bá òun wò ó lórí fóònù ìgbà tí Shooting tún máa gbá bọ́ọ̀lù nílé. A wò ó fún un. Ó ní ká kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, ó sì kì í bọ abẹ́ rọ́bà tó fi de rédíò rẹ̀.