Ọ̀bẹ Kì Í Mọ̀nà Fúnra Rẹ̀

Láwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà àti Sango-Ọ̀tà, ọ̀pá irin kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́ lè dá odidi ẹ̀rọ dúró. Ẹni tó fẹ́ fi léètì gbẹ́ òmíràn lè yàwòrán rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ètò tí wọ́n ń pè ní CAM ṣírò ipa tí ọ̀bẹ máa tọ̀. Ká ní irin náà nípọn ní mìlímítà 50, tí a fẹ́ kó di 45: ọ̀bẹ á kọ́kọ́ jẹ ẹ́ wọnú ní mìlímítà kan lẹ́ẹ̀mejì, á di 46 (irin ń yí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń dín), kó tó wá fi ìdajì mìlímítà dán an. Nínú àwọn àṣẹ tí CAM ń kọ fún léètì, G00 ní kí ọ̀bẹ sáré débi iṣẹ́. G01 ní kó máa gé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan ní CAM fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu oníléètì. N kò gbà. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bí irin ọjà bá le ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀gá tó mọ igbe irin ló mọ̀ ọ́n. Iná mànàmáná ńkọ́? Òótọ́ ni, bí iná bá lọ lójijì, ọ̀bẹ lè ṣẹ́ sínú iṣẹ́. Àmọ́ ètò tí a ti tọ́jú kì í bá iná lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọmọṣẹ́ yín kọ́ CAM, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa yan eré tí ọ̀bẹ máa sá.