Kíkọ Kókó Ọ̀rọ̀ Sílẹ̀: Bí A Ṣe Lè Fi Kọ́ Ọmọ Wa Nílé

 Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ òní wà fún.

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn, tí a ó sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún dá lórí bí a ṣe lè fi iṣẹ́ yìí kọ́ ọmọ wa nílé. Ọmọ tí à ń wí ni ọmọ ọdún 11 sí 15. Òmíràn nínú wọn ti gba CEP, ó sì wà ní CEG. Òmíràn ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ń bá wa ṣe oko, nílé ló ti ń kọ́ ìwé ní alẹ́. Gbogbo wọn ni ẹ̀kọ́ yìí yóò wúlò fún.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, olùkọ́ a kọ ẹ̀kọ́ sára pátákó, ọmọ a sì dà á kọ. Ṣùgbọ́n ní CEG, olùkọ́ pọ̀, ẹ̀kọ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ sì ń yára. Ọmọ tí kò mọ̀ ju kí ó da ohun gbogbo kọ lọ, kàyé rẹ̀ yóò kún, orí rẹ̀ yóò ṣófo. Nígbà tí ìdánwò BEPC bá dé, kàyé yóò tò síwájú rẹ̀ lọ bẹẹrẹ, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Owó tí a rí lórí kajú àti òwú ni a fi ra kàyé wọ̀nyẹn. Kò yẹ kí ó lọ lásán.

Kókó kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀

Àwọn baba ńlá wa mọ iṣẹ́ yìí kí ìwé tó dé. Ẹ rántí àrokò. Ẹni tí ó fẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn. Ẹni tí ó gbà á a ka ẹyọ náà: ẹ̀fà ni. Ó ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀: "Ọkàn mi fà sí ọ." Bí ó bá jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ohun kékeré ni ó dúró fún ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kókó ọ̀rọ̀ rí nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kí ẹ lè mọ agbára rẹ̀. Àlùfáà kan wà ní Ọ̀yọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Samuel Johnson. Ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbààgbà, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1897 ó parí ìwé ńlá kan lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Ó sọnù níbẹ̀. Ní ọdún 1901, Johnson kú. Ta ni yóò tún rí àwọn àgbà tí ó bá sọ̀rọ̀? Púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kókó ọ̀rọ̀ tí ó kọ sílẹ̀ ṣì wà nílé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó wọn jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, a sì ń kà á títí di òní. Ìwé sọnù, kókó rẹ̀ kò sọnù. Ohun tó gbà á là nìyẹn.

Bí a ṣe ń to kókó

Àgbẹ̀ kì í déédéé bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè kiri. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń fa ìlà, kí ebè lè tọ́, kí poro lè gún. Bí a bá to kókó ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó kọ̀wé, ìlapa èrò ni à ń pè é.

Ẹ wo ìlú wa. Orílẹ̀-èdè Benin ní ẹ̀ka 12. Borgou jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Borgou ní kọmúùnù 8. Tchaourou jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kọmúùnù Tchaourou sì ní àgbègbè 7: Alafiarou, Bétérou, Goro, Kika, Sanson, Tchatchou àti Tchaourou fúnra rẹ̀. Lábẹ́ àgbègbè kọ̀ọ̀kan ni abúlé wà. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: ńlá lókè, kékeré lábẹ́ rẹ̀. Abúlé kì í jókòó sí ipò kọmúùnù.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò:

"Àkókò kajú ti dé. Ẹ má ṣe gun igi lọ já kajú tí kò gbó. Ẹ jẹ́ kí ó jábọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ wá ṣà á. Ẹ yọ kóró kúrò lára èso lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣà á. Lẹ́yìn èyí, ẹ sá kóró sí oòrùn fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí ẹ máa yí i. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ kó o sínú àpò ìdọ̀họ tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má ṣe kó o sínú àpò ọ̀rá, nítorí ooru àti omi kì í rí ibi jáde níbẹ̀, kóró á sì bàjẹ́. Ẹ má ṣe gbé àpò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán. Ẹ gbé e lórí pákó."

Kókó rẹ̀ nìyí:

KAJÚ
1. Ṣíṣà
– kí ó jábọ́ fúnra rẹ̀
– yọ kóró, ọjọ́ kan náà
2. Sísá
– oòrùn, ọjọ́ 2–3
– máa yí i
3. Ìpamọ́
– àpò ìdọ̀họ
– MÁ: àpò ọ̀rá
– lórí pákó

Ọ̀rọ̀ tó lé ní 100 ti di ohun tí kò tó 30. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo èyí lè sọ gbogbo rẹ̀ padà.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fò

Àkọ́kọ́ ni iye: ọjọ́ mélòó, kílò mélòó, fráǹkì mélòó. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ní Borgou wa níbí, àwọn àgbẹ̀ tó kọ́ ìwé ní èdè wọn bẹ̀rẹ̀ sí wọn òwú fúnra wọn ní ọjà ẹgbẹ́, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Iye tí kò sí nínú ìwé, ta ni yóò fi jà?

Èkejì ni ọ̀rọ̀ kékeré tí à ń pè ní "má". Bí ẹ bá kọ "àpò ọ̀rá" láìsí "má", kajú ọdún kan lè bàjẹ́. Ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, tàbí kí ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àmì ohùn. Nínú gbólóhùn gígùn, àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ń ran ojú lọ́wọ́. Nínú kókó, ọ̀rọ̀ dá dúró. Bí ẹ bá kọ "ra ọkọ" láìfi àmì sí i, ṣé ọkọ́ tí a fi ń roko ni, tàbí ọkọ̀ tí ń lọ sí Parakou? Ọ̀rọ̀ lè kéré, àmì kò gbọdọ̀ kù.

Bí a ó ṣe kọ́ ọmọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí bíìkì. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú fún ọmọ. Kí ẹ bi í pé: "Ohun mélòó ni mo sọ?" Kí ó fi ìka kà á. Àtẹ́lẹwọ́ ni àkọlé ọ̀rọ̀. Ìka kọ̀ọ̀kan jẹ́ orí ọ̀rọ̀ kan. Oríkèé ìka ni ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ ṣe èyí fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní kàyé. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ó gbọ́ ṣáá, kí ó má kọ nǹkan. Ní ìgbà kejì, kí ó kọ kókó. Kí orí ọ̀rọ̀ sún mọ́ etí ìwé lọ́wọ́ òsì, kí ẹ̀ka rẹ̀ wọnú díẹ̀. Kí ó fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ orí kọ̀ọ̀kan, bóyá yóò rántí nǹkan mìíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ ní kí ó pa kàyé dé, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún yín. Ibi tí ó bá dákẹ́ sí, kí ó ṣí ìwé wò ó. Ẹ tún bi í ní òwúrọ̀. Ìdánwò tòótọ́ nìyẹn. Kókó tí kò lè pe ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kò tíì di kókó.

Ẹ má ṣe bú ọmọ tó kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ jù. Ẹ ní kí ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún tó ṣe pàtàkì jù. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò mọ èyí tó yẹ kí ó fi sílẹ̀.

"Faransé ni ọmọ mi ń kọ́, n kò gbọ́ ọ"

Ọ̀pọ̀ òbí ń sọ báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ó dí yín lọ́wọ́. Ẹ pe ọmọ, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ẹ̀kọ́ òní dá lé lórí? Orí mélòó ló ní? Kí ló wà lábẹ́ orí kọ̀ọ̀kan? Ẹ ní kí ó fi èdè wa dáhùn. Bí ó bá ti yé e, yóò rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́. Bí ó bá ń ka Faransé rẹ̀ bí orin tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò tíì yé e. Nígbà náà ni kí ó padà lọ bi olùkọ́. Òbí tó bá ń béèrè báyìí ń kọ́ ọmọ, bí kò tilẹ̀ gbọ́ Faransé kankan.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lórí rédíò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin àti ọmọ yín. Kí olúkúlùkù kọ kókó tirẹ̀. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Kí ni ọ̀kan kọ tí èkejì fò?

2. Ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà sí kọmúùnù nítorí kànga tó bàjẹ́. Ẹ la èrò rẹ̀ ná: kí ló bàjẹ́, láti ìgbà wo, ta ló ń jìyà rẹ̀, kí ni ẹ fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó kọ lẹ́tà náà.

3. Kí ni orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí? Ẹ kọ wọ́n láìwo ẹ̀yìn.