Gbégi ẹ̀bá oko: Ta ló ń bọ́ àrùn tó ń pa ìrẹsì wa?

Tí ẹ bá wọ mọ́tò láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìmọ̀ta kí ẹ tó dé Ìtòíkin. Ìmọ̀ta ni ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Wọ́n kọ́ ọ kó lè ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù 32 ìrẹsì láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Tí àpò kan bá jẹ́ kílò 50, àpò 640 nìyẹn ní wákàtí kan. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì sí àbàtà, bíi ti Ìtòíkin, wà lára àwọn tó yẹ kó máa bọ́ ẹ̀rọ yẹn.

Àmọ́ nǹkan kan wà tó ń bá ẹ̀rọ náà du ìrẹsì, ojú lásán ò sì lè rí i. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí, nítorí àrùn ohun ọ̀gbìn ni mo ń kà ní yunifásítì, àti nítorí ìbéèrè kan tí ìyá àgbẹ̀ kan bi mí létí oko ẹ̀.

Àrùn tó dà bíi pé iná jó oko

Orúkọ àrùn náà ni rice blast. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fà á, ìyẹn ìbátan ebu tí ẹ máa ń rí lára búrẹ́dì tó bá ti pẹ́ jù. Magnaporthe oryzae lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé, àwọn míì sì ń pè é ní Pyricularia oryzae. Tó bá mú ewé ìrẹsì, ẹ máa rí àmì tó rí bí ojú èèyàn: orí méjèèjì ẹ̀ ṣẹnu ṣóńṣó, àárín ẹ̀ rí bí eérú, etí ẹ̀ pọ́n bíi gúgúrú tó jóná díẹ̀. Tí àmì bá pọ̀, gbogbo ewé á gbẹ, ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á ní iná ló jó o. Èyí tó burú jù ni ìgbà tó bá mú ọrùn ìrẹsì. Orí ìrẹsì á funfun, á dúró ṣánṣán, torí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Háhá lásán ni.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Wóró kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sípọ́ọ̀ ni afẹ́fẹ́ máa gbé wá. Tó bá bà lé ewé tí ìrì ti pa, á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì hù. Lẹ́yìn náà ló máa kọ́ yàrá kékeré kan sórí ewé, á fa omi sínú ẹ̀ títí yàrá náà á fi le koko. Agbára tó wà nínú yàrá yẹn lé ní ìlọ́po 30 agbára afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò. Agbára yẹn ló fi ń gún ewé wọlé, bí ìgbà tí èèyàn bá fi abẹ́rẹ́ gún awọ. Ibi tí ewé bá ti tutù fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóru, tí ooru ò sì pọ̀ jù, ló fẹ́ràn jù. Ẹ wo àbàtà Ìtòíkin ní ìdájí, ẹ máa mọ̀ pé ilé ti bá a lára mu.

Ìbéèrè Màmá

Màmá yẹn fa koríko kan tu létí oko ẹ̀, ó gbé e sí ọwọ́ mi. Gbégi ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, ó wà ní etí títì, ó wà ní pápá bọ́ọ̀lù, tí orí ẹ̀ máa ń yà bí ìka ọwọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, wo ewé ẹ̀. Ṣé kì í ṣe àmì kan náà lo ní ó wà lára ìrẹsì mi? Ṣé òun kọ́ ló ń kó o ràn án? Tó bá jẹ́ òun ni, mo máa ra oògùn koríko, mo máa fi pa gbogbo ẹ̀.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á.”

Ìbéèrè ẹ̀ mọ́gbọ́n dání gan-an ni. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí lè mú oríṣi koríko tó lé ní 50, gbégi sì wà lára wọn. Àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ náà ti bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1726, ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà ṣòfin kí wọ́n lè máa gé igi kékeré kan tó ń jẹ́ barberry, torí àwọn àgbẹ̀ ṣàkíyèsí pé àlìkámà tó bá wà nítòsí ẹ̀ máa ń pọ́n bí irin tó dípẹtà. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ àsọdùn ni. Ní 1865 ni Anton de Bary, ọmọ Jámánì, wá fi hàn pé òótọ́ ni: fọ́ńgọ́ọ̀sì kan náà ló ń gbé apá kan ìgbésí ayé ẹ̀ lórí barberry, tó sì ń gbé apá kejì lórí àlìkámà. Nígbà tó di 1918, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í hú barberry káàkiri. Ojú àgbẹ̀ ti rí i tipẹ́ kí sáyẹ́ǹsì tó bá wọn níbẹ̀.

Bí koríko ṣe di afárá

Ìtàn tó tún sún mọ́ wa jù ni ti blast àlìkámà. Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí gbogbo wa ń jẹ. Kó tó di 1985, àlìkámà ò mọ àrùn yìí rárá. Ọdún yẹn ló yọjú ní Paraná, ní ilẹ̀ Brazil. Níbo ló ti wá?

Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan gbé ìdáhùn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ẹ jẹ́ kí n fi mẹ́gáàdì ṣàlàyé ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlìkámà ló ní jíìnì kan tó dà bíi mẹ́gáàdì ẹnu géètì, Rwt3 lorúkọ ẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń gbé lára koríko kan tó ń jẹ́ Lolium máa ń dé fìlà kan, PWT3 lorúkọ fìlà náà. Bí mẹ́gáàdì bá ti rí fìlà yẹn báyìí, ó ti mọ̀ pé olè ni, á sì tilẹ̀kùn. Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ Brazil gbin irú àlìkámà kan tó ń jẹ́ Anahuac káàkiri. Anahuac ò ní mẹ́gáàdì yẹn. Fọ́ńgọ́ọ̀sì inú koríko wọlé, ó jẹun, ó bímọ rẹpẹtẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀, a kì í wá ẹni tó máa yàtọ̀ tì. Àwọn kan ṣí fìlà kúrò lórí. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé tó ní mẹ́gáàdì pàápàá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tán ní Brazil. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Bangladesh, ó bà tó hẹ́kítà 15,000 jẹ́, débi pé wọ́n ń dáná sun oko. Nígbà tí wọ́n yẹ jíìnì ẹ̀ wò, ọmọ ìyá ti Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Ní 2018, wọ́n rí i ní Zambia. Ó ti wọ Áfíríkà nìyẹn o. Kano, Jigawa àti Kebbi wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà ní Nàìjíríà, torí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè nìkan mọ́.

Ṣé gbégi jẹ̀bi?

Ẹ padà sórí ìbéèrè Màmá. Pé àmì jọra kò túmọ̀ sí pé olè kan náà ni. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí pín sí agboolé-agboolé: agboolé ìrẹsì, agboolé àlìkámà, agboolé Lolium, agboolé gbégi. Báwo la ṣe ń mọ èyí tó wà lára koríko?

A máa gé ewé tó ní àmì, a ó fọ ojú ẹ̀ mọ́, a ó wá tọ́jú ẹ̀ síbi tó tutù títí sípọ́ọ̀ á fi jáde. A ó mú ẹyọ kan ṣoṣo lábẹ́ maikirosíkóòpù, a ó sìn ín títí á fi pọ̀. Lẹ́yìn náà, a ó fọ́n ọn sára ìrẹsì kékeré tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó sì fọ́n díẹ̀ sára gbégi fúnra ẹ̀. A ó bo gbogbo ẹ̀ kí ó tutù di ọjọ́ kejì, a ó wá dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Tí gbégi bá ṣàìsàn, tí ara ìrẹsì sì dá ṣáṣá, a jẹ́ pé kì í ṣe òun ni olè oko yẹn.

Ohun tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ máa ń fi hàn lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn. Èyí tó wà lára gbégi ń pa gbégi, ó sì ń pa finger millet tó jẹ́ ìbátan ẹ̀, àmọ́ àmì tíńtín ló máa ń ṣe sára ìrẹsì, tàbí kó má ṣe nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan lè ré agboolé kọjá, Brazil sì ti kọ́ wa pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Torí náà, gbégi kì í ṣe olè, àmọ́ a ò gbọ́dọ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ta wá ni olè gan-an? Àwọn bàbá wa ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìrẹsì tó hù fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, kùkùté tó tún rúwé, pòròpórò tó ní àmì, irúgbìn tí wọ́n yọ lára oko tó ṣàìsàn: ọmọ agboolé ìrẹsì gangan ló ń sùn síbẹ̀ de àsìkò tó ń bọ̀.

Ohun tí mo sọ fún Màmá nìyí, ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹni yín tó bá ń dáko. Ẹ hú ìrẹsì tó hù fúnra ẹ̀ kí ẹ tó gbin tuntun. Ẹ má fi pòròpórò tó ní àrùn sílẹ̀ lóko. Ẹ má da yúríà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pín in, torí ìrẹsì tí yúríà pọ̀ lára ẹ̀ ni àrùn yìí fẹ́ràn jù. Ẹ béèrè irú ìrẹsì tó lè dènà blast kí ẹ tó ra irúgbìn, ẹ má sì gbin oríṣi kan ṣoṣo káàkiri bíi ti Anahuac. Ní ti gbégi ẹ̀bá oko, ẹ fi àdá gé e mọ́lẹ̀ kí ìrẹsì tó yọrí. Gbòǹgbò ẹ̀ ló ń di ilẹ̀ etí omi mú kí òjò má baà wó o, ewúrẹ́ sì máa ń jẹ ẹ́.

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní owó oògùn koríko yẹn, irúgbìn tó dáa lòun máa fi rà.