Wọ́n pè é ní òbùrẹ́wà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹni ọdún 57 ni nígbà tí ayé rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀gágun Dàhòmì

Bí ẹ bá ti wo fíìmù The Woman King, tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì nígbà ayé Ọba Ghezo, ẹ ó rántí obìnrin dúdú tó ṣe ọ̀gágun wọn, tí wọ́n ń pè ní Nanisca. Viola Davis, òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà, ni. Nígbà tí fíìmù náà jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ó ti pé ẹni ọdún 57. Ọjọ́ orí yìí ni ọ̀pọ̀ òṣèrébìnrin máa ń sọ pé wọn kò pe àwọn síṣẹ́ mọ́. Nínú fíìmù náà, òun ń gbé idà, tó ń sáré, tó ń bá àwọn tó lè bí lọ́mọ jagun.

Kì í ṣe ẹwà ló gbé e dé ibẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1965 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ South Carolina, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹrú dáko láyé àtijọ́. Central Falls, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ló dàgbà sí. Nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀, Finding Me, tó jáde ní 2022, ó sọ bí ìṣẹ́ ṣe bá ilé wọn fínra: eku ń bá wọn gbé, ebi ń pa wọ́n, bàbá rẹ̀ a sì máa lu ìyá rẹ̀. Ìtàn tó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni ti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bí ilé ìwé bá ti jáde, àwọn ọmọkùnrin a máa lé e, wọ́n a máa sọ òkò lù ú, wọ́n a máa bú u pé ó dúdú, ó sì burẹ́wà. Ó ní kódà nígbà tí òun ti di olókìkí, ọmọ kékeré yẹn ṣì ń sáré nínú òun.

Iṣẹ́ ló gbájú mọ́. Ó kọ́ eré ṣíṣe ní ilé ẹ̀kọ́ Juilliard ní New York, ó sì jáde ní 1993. Ó pẹ́ lórí ìtàgé kí fíìmù tó mọ̀ ọ́n. Ipa kéékèèké ni wọ́n ń fún un. Ní 2008, nínú fíìmù Doubt, ipa rẹ̀ kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, ipa ìyá kan tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn tó láti fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Ẹni ọdún 43 ni nígbà náà.

Nígbà tó di 2014, ó gba ipa àkọ́kọ́ nínú eré tẹlifíṣọ̀n How to Get Away with Murder. Lọ́dún yẹn gan-an ni ìwé ìròyìn The New York Times kọ ọ́ pé ẹwà rẹ̀ kò tó ti àwọn tí ayé ń pè ní arẹwà. Kò bá wọn jà. Òun fúnra rẹ̀ ti ní kí wọ́n fi ìran kan sínú eré náà, níbi tí ó ti jókòó níwájú dígí, tó bọ́ wíìgì, tó yọ ìpéǹpéjú àtọwọ́dá, tó nu àtíkè kúrò lójú. Gbogbo ayé rí i bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ní 2015, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy fún ipa náà, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ fún eré oníràn-ń-tẹ̀lé-ìran tí kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ẹni ọdún 50 ni. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni pé àǹfààní nìkan ló ya obìnrin dúdú sọ́tọ̀ sí àwọn yòókù. Ipa tí wọn kò kọ, kò sẹ́ni tó lè gbàmì-ẹ̀yẹ lórí rẹ̀. Oscar tẹ̀ lé e ní 2017 fún fíìmù Fences.

Síbẹ̀, kò fi òkìkí ṣe ohun gbogbo. The Help, fíìmù tó jáde ní 2011, wà lára èyí tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀, àmọ́ ó ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ ipa tí òun kó nínú rẹ̀. Ó ní ohùn àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ dúdú tí wọ́n ní àwọn ń sọ ìtàn wọn kò jáde tó.

Ọ̀rọ̀ yẹn kan àwa náà. Àwọn àgbà wa, Yorùbá àti Mahi, kò gbàgbé pé ọmọ ogun Dàhòmì kó èèyàn lẹ́rú ní ilẹ̀ yìí. Nínú The Woman King, Ọ̀yọ́ ni ọ̀tá, ọ̀gágun Dàhòmì ló sì ń sọ pé kí wọ́n yé ta èèyàn. Viola Davis àti ọkọ rẹ̀, tí àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó ṣe fíìmù náà, ti gbà pé àròsọ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó, kí wọ́n sì tún bi àwọn àgbà léèrè.

Ẹ̀kọ́ tó wà fún wa kò jìnnà. Àwọn ọmọbìnrin wa ń ra ìpara abóra lọ́jà nítorí ojú tí wọ́n rí nínú fíìmù. Òmíràn nínú ìpara wọ̀nyí ní mákúrì nínú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Obìnrin tí wọ́n sọ òkò lù nítorí dúdú rẹ̀ kò bóra kó tó di ẹni àpọ́nlé. Ẹ wo Ìdòwú Philips náà, Ìyá Ràínbọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n bí ní 1942. Ipa ìyá ló sọ ọ́ di olókìkí, kì í ṣe ipa omidan.

Ẹ̀yin tó ń tajà ní Savalou àti Bantè mọ̀ ọ́n. Laboko ló ń kọ́kọ́ dé ọjà, òun ni gbogbo èèyàn ń sáré rà. Kokoro kéré, ó ń pẹ́ kó tó gbó, kò sì wu ojú. Ṣùgbọ́n òun là ń sá fi ṣe èlùbọ́, òun ló sì ń bọ́ ilé nígbà ọ̀wọ́n.