Bààlúù Lórí Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Iṣẹ́ Ọwọ́ Agbẹ́gilére Nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti Yewa

Bí eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá gbóná lójú agbo, tí ìlù ń sọ̀rọ̀, tí irin ẹsẹ̀ oníjó sì ń dá a lóhùn, ojú èrò kì í kúrò lára ère tí oníjó gbé karí. Ojú ère náà yóò tutù pẹ̀sẹ̀ bí ojú ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n òkè orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Níbẹ̀ ni ejò ti ń ká mọ́ra, níbẹ̀ ni ẹyẹ ti ń bá ejò jà, níbẹ̀ ni ìyá ọlọ́jà ti ń ru igbá. Níbẹ̀ náà ni àwọn agbẹ́gilére gbé kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù, mọ́tò àti ọkọ̀ òfurufú sí. Ọkọ̀ tí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ lè má wọ̀ rí láyé rẹ̀ ni ó sọ di igi, tí oníjó sì ń gbé e fò láàrin ọjà.

Àwọn kan ń bínú sí irú ère bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ni ó kan bààlúù nínú àṣà àwọn baba wa? Wọ́n ní ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ òyìnbó lé ère lórí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi síná àṣà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè gbójú fò dá, nítorí ó kan ohun tí àwọn olùkọ́ yóò máa sọ fún ọmọ pé tiwa ni tàbí pé kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń ṣe láàrin ìlú yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bínú. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìlaròó, láàrin àwọn Ọ̀họ̀rí, àti káàkiri ilẹ̀ Yewa, èyí tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, àwọn ìyá ni a ń fi eré náà bu ọlá fún: Ìyá Ńlá, àti àwọn ìyá tí wọ́n ní agbára láti mú ìlú tòrò tàbí láti dà á rú. Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru tí ó máa ń ṣáájú ijó ọ̀sán, kò mọ ohun tuntun kan nínú ìlú tí kò lè yìn tàbí kí ó fi ṣe ẹlẹ́yà. Bí orin òru bá lè sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó dé ní àná, kí ni yóò dí ère ọ̀sán lọ́wọ́? Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ogún àtọwọ́dọ́wọ́ tí ó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ bààlúù kúrò lórí rẹ̀ ná.

Bààlúù pàápàá, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi mọ ọkọ̀ náà, ní ìtàn tirẹ̀. Inú orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe bọ́ọ̀lù ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbé fò ni a ti yọ ọ́, a sì gbé e fún ọkọ̀ onírin tí kò jọ bọ́ọ̀lù rárá. Ní ọdún 1925 ni ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì balẹ̀ sí Kánò. Ní ọdún 1936 ni ti ilé iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í dé Èkó. Wọ́n dá WAAC sílẹ̀ ní ọdún 1946. Nigeria Airways gba ipò rẹ̀ nílẹ̀ yìí ní ọdún 1958, òun náà sì kógbá sílé ní ọdún 2003. Ère igi mìíràn ti pẹ́ láyé ju ilé iṣẹ́ náà lọ.

Báwo wá ni a ṣe ń gbẹ́ ọkọ̀ òfurufú sórí ère? Igi ni ó kọ́kọ́ ń dán agbẹ́gilére wò. Orí ènìyàn ni yóò ru ère yìí, ẹni náà kò sì ní dúró jẹ́jẹ́. Yóò fò, yóò tẹlẹ̀ kíkankíkan, yóò yí po. Apá àti ìrókò dára fún ilẹ̀kùn àti òpó ààfin, ṣùgbọ́n ọrùn oníjó kò ní gbà wọ́n. Igi ọmọ̀, èyí tí àwọn onílù pẹ̀lú fẹ́ràn, fúyẹ́ jù wọ́n lọ, irin sì máa ń wọ̀ ọ́ láìjà. Igi tútù ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́, nítorí pé ó rọ̀. Bí iṣẹ́ bá di ọ̀la, wọn yóò fi aṣọ tútù tàbí ewé bò ó kí ooru má baà là á. Ògún ni ó ni irin. Agbẹ́gilére ìgbà àtijọ́ kì í gbé àáké ságbo igi láìjúbà rẹ̀.

Ìpele mẹ́rin ni gbígbẹ́ ní, ó sì ní orúkọ. Àlùfáà Kevin Carroll, tí ó bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947, tí Bámidélé ọmọ Arówóògùn ará Ọ̀sì sì wà lára wọn, kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1967: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín.

Nínú ọnà lílé, àáké ni ó ń ṣiṣẹ́. Kò tíì sí ojú, kò sí imú, kò sí ìyẹ́. Agbẹ́gilére ń pín igi ni. Ìsàlẹ̀ di ti orí ère, òkè di ti ọkọ̀, àyè díẹ̀ láàrin wọn sì di gèlè tàbí pẹpẹ tí ọkọ̀ yóò jókòó lé. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ibi tí iṣẹ́ ti rọrùn jù lọ nìyí, nítorí pé ó dàbí ẹni ń la igi ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá kì í fẹ́ fi í lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Igi tí a bá gé kúrò kì í padà sára, bí ọkọ̀ bá sì ti tóbi ju orí lọ láti ibí, kò sí ọ̀bẹ tí yóò tún un ṣe mọ́.

Àlétúnlé ni ti àáké kékeré tí ẹnu rẹ̀ dábùú bí ti ọkọ́. Agbẹ́gilére yóò máa fi í yọ igi díẹ̀díẹ̀: ìpéǹpéjú, etí, ètè, lókè, ikùn ọkọ̀ yóò máa yọ bí ikùn ẹja, ìrù rẹ̀ yóò dúró ṣánṣán.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ìyẹ́ ti ń le. Igi ní ọ̀nà tí iṣan rẹ̀ ń gbà, láti gbòǹgbò lọ sókè. Bí ère bá dúró lóòró gẹ́gẹ́ bí igi ti dúró nínú igbó, ìyẹ́ ọkọ̀ nà síbùú. Bí a bá gbẹ́ ìyẹ́ náà mọ́ ara ìtì kan ṣoṣo, iṣan kò ní gùn tẹ̀lé e. Yóò dá a ní àbùú. Irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, bí oníjó bá fi kan òpó lásán, yóò já bí àkàrà gbígbẹ. Bí agbẹ́gilére bá sì fi í sílẹ̀ ní kíki nítorí kí ó má baà já, ọkọ̀ náà yóò jọ pẹ́pẹ́yẹ tí ó yó. Yàtọ̀ sí èyí, ìyẹ́ kò ní lè fẹ̀ ju ìtì igi náà lọ. Nítorí náà ni àwọn mìíràn ṣe ń gbẹ́ ìyẹ́ lọ́tọ̀. Wọn yóò la igi pẹlẹbẹ tí iṣan rẹ̀ gùn láti ṣóńṣó ìyẹ́ ọ̀tún dé ṣóńṣó ti òsì, wọn yóò lu ihò gbọọrọ gba ikùn ọkọ̀ já, wọn yóò ti igi náà bọ̀ ọ́, wọn yóò sì fi èèkàn igi tàbí ìṣó há a mọ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn kí ère jáde láti inú ìtì kan ṣoṣo ń wo èyí bí ọgbọ́n káfíńtà. Òótọ́ ni pé ọgbọ́n káfíńtà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò fìgbà kan kọ ohun tí a so mọ́ ère. Ó ní àwọn ère tí oníjó ń fi okùn mì láti abẹ́ aṣọ, tí ẹranko orí wọn ń bu ara wọn jẹ lójú èrò.

Dídán tẹ̀ lé e: ọ̀bẹ yóò pa ojú àáké rẹ́, ewé ipín tí ara rẹ̀ rí hágahàga yóò sì parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fínfín, tí ṣóńṣó ọ̀bẹ yóò fi la ẹyinjú, tí yóò fi kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí yóò fi di irun, tí yóò sì fi to fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹfun, osùn àti ẹ̀lú ni àwọn àgbà fi ń kùn ún. Nígbà tí ọ̀dà dé sí ọjà, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, ó sì di pé a ń tún un kùn bí ọdún bá ti ń yípo.

Ẹni tí ó bá mú rúlà láti fi wọn ọkọ̀ yìí yóò já ara rẹ̀ kulẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1936 kan náà tí Imperial Airways ń wá Èkó, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ òfurufú kékeré oníke tí ènìyàn lè tò pọ̀ fúnra rẹ̀, tí ohun tí ó bá tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lára ọkọ̀ gidi jẹ́ íǹṣì kan péré lára rẹ̀. Ìwọ̀n ni ọba níbẹ̀. Lọ́dọ̀ agbẹ́gilére wa, ìtumọ̀ ni ọba. Orí ènìyàn jẹ́ bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀. Lára ère Yorùbá, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí pé orí ni ibùjókòó ìpín ẹni. Bí a bá wá gbé awakọ̀ sínú bààlúù irú ère bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ẹ̀rọ ọkọ̀. Àìmọ̀ọ́ṣe kọ́. Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, bi àwọn ará wa léèrè ohun tí ó mú ère dára, ó sì tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 1973. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sọ ni jíjọra: kí ère jọ ohun tí a gbẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ jíjọra yìí ni ó fa àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ Thomas Ona Odulate, ará Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tòun ti akoto lórí, agbẹjọ́rò, àwọn tí ń gba bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin, ọba pẹ̀lú agboorùn: gbogbo wọn ni ó sọ di igi kékeré. Ìbọn, agboorùn àti nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń gbẹ́ lọ́tọ̀ kí ó tó fi wọ́n sí ọwọ́ ère. Kò kun gbogbo ara igi. Tàdáwà dúdú, tàdáwà pupa àti oògùn bàtà funfun ni ó fi ń tọ́ka sí ibi tí ó bá fẹ́. Àwọn òyìnbó kan rí ère wọ̀nyí, wọ́n ní ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. William Bascom, ẹni tí ó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1957, kò gbà bẹ́ẹ̀: ọkùnrin náà ń gbẹ́ wọn bí ó ti rí wọn ni. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀rín tí ó wà níbẹ̀ kò ti ọwọ́ agbẹ́gilére wá.

Ẹlòmíràn tún sọ iṣẹ́ náà di kékeré sí i. Ní Ọ̀wọ̀, Justus Akeredolu bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 sí í gbẹ́ ẹ̀gún ara igi, àwọn ẹ̀gún ńlá tí ó rọ̀ sí ọ̀bẹ, tí òmíràn funfun bí wàrà, tí òmíràn pọ́n, tí òmíràn ní àwọ̀ ilẹ̀. Àwọ̀ ẹ̀gún fúnra rẹ̀ di àwọ̀ aṣọ àti ara ènìyàn, láìlo ọ̀dà. Ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó sì ń fi wọ́n ṣe ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí a lè gbé sórí àtẹ́lẹwọ́.

Orúkọ Ona àti ti Akeredolu wà nínú ìwé. Ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò sí. Ní Abẹ́òkúta, agbo ilé Adùgbòlógè ní Ìtòkò lókìkí fún ère ìbejì àti orí Egúngún, William Fagg ti British Museum sì wà lára àwọn tí ó sọ iṣẹ́ wọn di mímọ̀ ní òkè òkun. A lè dá ọwọ́ agbo ilé náà mọ̀ lára igi. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ ère wa ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun tí a kọ ni “Yorùbá, Nàìjíríà”, kò sì sí orúkọ ẹni tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ẹni tí ó rà á kò béèrè. Ẹni tí ó tà á kò sọ. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ lè ṣe ju èyí lọ láìná kọ́bọ̀: bí ọmọ bá fi agolo wàrà ṣe mọ́tò, tàbí tí ó fi pákó ṣe bààlúù, kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún sí abẹ́ rẹ̀. Kí ó sì bi àwọn baba àgbà ilé léèrè ẹni tí ó gbẹ́ ère tí ó wà nílé, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ṣì wà láàyè.

Ní ti bààlúù orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìyẹ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, bí kò bá jẹ́ pé kòkòrò ti ṣáájú oníjó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a tì bọ ihò ni, agbẹ́gilére yóò yọ èèkàn, yóò fa èyí tí ó kán jáde, yóò fi wọn igi tuntun, yóò gbẹ́ òmíràn, yóò sì há a padà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kun ère náà láti òkè délẹ̀ kí àwọ̀ ìyẹ́ tuntun má baà yàtọ̀ sí ti ògbólógbòó, wọn yóò sì gbé e sí òjìji kí ọ̀dà rẹ̀ gbẹ kí ọjọ́ ijó tó pé.