Bàbá Ni, Ìyá Ni: Ọjọ́ Kan Láàárín Onílù Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí mo dé iwájú Aàfin Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Onílù mẹ́ta ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ìyáàlù wà lórí itan ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọsán rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń ra ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Kò fi ẹnu dá mi lóhùn. Ó fi ọwọ́ òsì di ọsán mú, ó gbé ọ̀pá ìlù, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹfà.

"Kí lo gbọ́?" ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ ló bi mí.

"Mo gbọ́ 'O kú ọjọ́ mẹ́ta.'"

"Èmi gbọ́ 'O gbé owó wá ni?'"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo sì fún wọn ní ohun tó wà níbẹ̀, nítorí òótọ́ ló sọ. Re-mí-re-mí-mí-re ni gbólóhùn ti àkọ́kọ́, re-mí-re-mí-mí-re náà ni ìkejì. Ìlù ti sọ tirẹ̀. Ó ku etí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi máa ń yà níbẹ̀ kí n tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ Boys' Brigade ni mí láti kékeré, ẹgbẹ́ tí àwọn ará ilé wa ń pè ní Bìrìgéèdì. Ìdíje àwọn báǹdì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, báǹdì wa yóò sì pàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti kọjá ọjọ́ orí ẹni tó ń gbé ìlù kọ́rùn lọ́jọ́ ìdíje, ṣùgbọ́n báǹdì ò tíì kúrò lára mi. Bí wọ́n bá ń lù, ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀. Bí wọ́n bá pàdánù, mi ò lè jẹun alẹ́.

Àwọn onílù ẹnu ọ̀nà Aàfin yìí kò jókòó síbẹ̀ fún ẹ̀yẹ lásán. Bí àlejò bá ń bọ̀, ìlù ló máa kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó wà nínú ilé irú ẹni tó jẹ́ àti ẹni tó bí i, kó tó di pé àlejò náà bọ́ bàtà. Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì Samuel Johnson, tó ṣe àlùfáà ní ìlú yìí, kọ nípa àwọn onílù ọba sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn tó ti kú. Aláàfin Lamidi Adéyẹmí Kẹta, tó wàjà ní oṣù kẹrin ọdún 2022, mọ ìlù í gbọ́. Gbogbo ẹni tó rí i níbi tó ti ń jó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú ìlù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dá lóhùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni Aláàfin Akeem Abímbọ́lá Owóadé gba ọ̀pá àṣẹ. Ọba yí padà, oríkì tí ọwọ́ onílù gbọ́dọ̀ mọ̀ náà yí padà.

Mo fẹsẹ̀ rìn láti Aàfin, mo kọjá lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán níbi tí àwọn ìyá ti ń tú ẹrù sílẹ̀, títí mo fi dé agboolé àwọn àyàn kan tí mo ti mọ̀ tipẹ́. Ìtì igi wà nílẹ̀ nínú àgbàlá, igi apá ní apá kan, igi ọmọ̀ ní apá kejì. Bàbá tó ń gbẹ́ ìlù kò gbójú sókè nígbà tí mo kí i, àfi ẹnu rẹ̀ nìkan ló dáhùn. Ó ń gbẹ́ igi náà láti orí, ó tún yí i padà, ó ń gbẹ́ ẹ láti ìdí, kí ihò méjèèjì lè pàdé ní ọrùn tó tínrín láàárín. Bí irin bá yẹ̀ díẹ̀ ní ọrùn yẹn, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di igi ìdáná. Àwọn àyàn àtijọ́ sọ pé igi tó bá hù létí ọ̀nà ló dára jù fún ìyáàlù, nítorí ó ti ń gbọ́ ohùn èèyàn láti ìgbà tó ti wà lóòró. Mo bi bàbá bóyá òun gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà rò ó wò. Ta ló ń sọ̀rọ̀ tí kò kọ́kọ́ gbọ́?"

Awọ ewúrẹ́ wà nínú omi nínú báàfù kan, wọ́n ti fá irun rẹ̀ kúrò. Obìnrin kan ń gé ọsán lára awọ mìíràn tó ti gbẹ, okùn náà ń gùn lọ láìjá, kò tiẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọsán yìí ni wọn yóò fà láti ojú kan dé ojú kejì. Òun ni onílù ń fún tí ohùn fi ń lọ sókè, tó ń tú sílẹ̀ tí ohùn fi ń rọlẹ̀. Ṣaworo wà nínú àwo, idẹ kéékèèké tí yóò máa dún yí ìyáàlù ká. Gúdúgúdú nìkan ni kò ní ọsán tí wọ́n ń fún nínú gbogbo ẹbí dùndún. Wọ́n fi ìda dúdú lẹ ojú rẹ̀ láàárín, ọ̀nà kan náà ló sì ń tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Mo fẹ́ràn gúdúgúdú ju gbogbo wọn lọ. Ìyáàlù ló ń gba ìyìn, ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá sùn, ọ̀rọ̀ ìyáàlù kò níbi tí yóò dúró sí.

Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún márùn-ún lọ jókòó sí ìdí ògiri, ó ń lu ìlù kékeré kan. Ohun kan náà ló ń lù. Mo wà níbẹ̀ bíi wákàtí kan, ohun kan náà ló ń lù. Ẹnikẹ́ni ò yìn ín, ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Nígbà kan tó yẹ̀, bàbá tó ń gbẹ́ igi kò yíjú, ó kàn fi irin kan igi lẹ́ẹ̀mejì ní ibi tó yẹ kó wà, ọmọ náà sì padà sójú ọ̀nà.

Àwọn àyàn náà ń díje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń fún wọn ní máàkì. Ẹ lọ síbi ìsìnkú àgbà tí àna méjì ti gbé onílù tiwọn wá. Ìyáàlù àkọ́kọ́ yóò ki onínàáwó, èkejì yóò ki í dé ìran tí àkọ́kọ́ ò dé. Àwọn èèyàn yóò máa fi ẹsẹ̀ sọ ibi tí ọkàn wọn wà. Ẹgbẹ́ tí agbo bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ti mọ̀ pé òun ti pàdánù, kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni yóò kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàtá nígbà ọdún Ṣàngó lóṣù kẹjọ, ọdún tí UNESCO kọ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé ní láti tọ́jú ní 2023. Bílálà, awọ tí wọ́n fi ń lù ú, ń ró lójú ṣáṣá tó kéré, ọwọ́ kejì wà lójú òjò tó tóbi, ẹni tó ń jó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n sọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀.

Ọwọ́ àyàn ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sáìdì dúrọ́ọ̀mù kọ́ mi lọ́rùn. Bùrọ̀dá tó ń kọ́ wa máa ń ka wàn, tú, tírì, fọ́ọ̀, mo sì ń kà á tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ibi tí ọwọ́ ti ń yára, tèmi á takú. Wọ́n sọ fún mi pé tí kò bá yí padà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹlòmíràn ni yóò gba ìlù náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni a sin ìyá bàbá mi. Àyàn kan tó wá láti Ọ̀yọ́ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti sinmi, ó bá mi níbi tí mo ti ń fi igi méjì lu bẹ́ǹṣì pẹ̀lú omijé lójú. Ó dúró, ó gbọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, kíkà lò ń kà. O ò sọ̀rọ̀. Kí lo fẹ́ sọ?" Mi ò mọ̀. Ó ní kí n sọ pé, "Bàbá mi ti dé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa." Ó ní kí n kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́, kí n sọ ọ́ kíákíá, kí n sọ ọ́ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n jẹ́ kí ọwọ́ sọ ọ́. Ọwọ́ sọ ọ́. Títí di òní, mi ò tíì tún ka ìlù mọ́.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju kìlómítà bí 50 lọ, ọkọ̀ àjàgbé sì pọ̀ lójú rẹ̀. Mo dé ní agogo mẹ́ta ààbọ̀.

Lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìhà Ọ̀kẹ́lẹ́rìn ni a ti ń pàdé. Sáìdì mẹ́jọ wà níwájú, tẹ́nọ̀ mẹ́ta lẹ́yìn wọn, béèsì ńlá ní àárín, aro idẹ méjì, àwọn afọnfèrè lẹ́yìn pátápátá. Ilé ìlù ìwọ́de ni Ògbómọ̀ṣọ́. Láti 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin wọn, Royal Ambassadors tí a ń pè ní R.A., sì ní báǹdì tó lè mú kí ọkàn èèyàn dúró. Àwa Bìrìgéèdì àti R.A., ará ni wá, ọ̀rẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n bí a bá pàdé lójú títì, olúkúlùkù á fún okùn ìlù tirẹ̀ le.

Ọ̀dọ̀ àwọn ológun ni ìlù wa ti wá. William Smith tó dá Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1883 ti ṣe ológun ìyọ̀ọ̀da-ara rí, ẹgbẹ́ náà sì dé Èkó ní 1908. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú ìlù àti fèrè ológun kan náà ló di ohun tí wọ́n ń pè ní drum corps. Mo máa ń wo fídíò wọn lóru. Ní 1972 ni ẹgbẹ́ Drum Corps International kọ́kọ́ ṣe ìdíje àṣekágbá wọn ní ìlú Whitewater, ẹgbẹ́ Anaheim Kingsmen ló sì gbà á. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún á wà lórí pápá, wọn á máa sáré, wọn á máa lù, ẹsẹ̀ wọn á bọ́ sójú kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn, bí èèyàn bá ti lé ní ọdún 22, ó di dandan kó fi pápá sílẹ̀. Adájọ́ wọn ń pín máàkì kan sí wẹ́wẹ́: ní 2014, Blue Devils gba 99.65 nínú 100, kò sì sí ẹgbẹ́ tó tíì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń sunkún bí mo bá ń wo ìkẹyìn eré àwọn tó ti pé ọdún náà. Mo mọ bí ó ṣe rí láti bọ́ okùn ìlù kúrò lọ́rùn kí ọrùn fúyẹ́ lódì.

Adájọ́ tiwa náà ń mú ìwé àti pẹ́ńsù dání. Ó ń wo bọ́tìnnì, ó ń wo bí ìlà ṣe tọ́, ó ń wo ìrìn pẹ̀lẹ́ àti ìrìn yíyára. Bí ọ̀pá bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, má bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kó wà nílẹ̀. Ọ̀pá mìíràn wà nínú bẹ́líìtì rẹ, fà á yọ, kí ọwọ́ kejì máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn ọmọ náà fi ìyẹn nìkan dánra wò fún ìdajì wákàtí. Ọ̀gá báǹdì ń rìn láàárín wọn, ó ń gbá ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó bá wù ú. Ọmọbìnrin kan tó wà ní ìkángun, ọ̀pá tirẹ̀ bọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, mi ò gbọ́ kí ohùn sáìdì rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí àwọn ará Glasgow ò ní wà nínú tẹ́nọ̀ wa. Ọ̀gá báǹdì ti ṣètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: èyí tó tóbi ń sọ ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín ń sọ ohùn àárín, kékeré ń sọ ohùn òkè. Bí ọmọ mẹ́ta bá pín gbólóhùn kan láàárín ara wọn, ìyáàlù kan ni wọ́n jùmọ̀ jẹ́.

Ọmọkùnrin kan tó wà láàárín àwọn onísáìdì ń takú níbi tí èmi náà ti takú nígbà yẹn. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà. Mo bẹ ọ̀gá báǹdì kó yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi díẹ̀. A lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

"Kí lo fẹ́ sọ?"

Ó wò mí. "Bùrọ̀dá, ẹ ò ní kí n kà á?"

"Má kà á. 'Bàbá mi ti dé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa.' Fi ẹnu sọ ọ́ ná."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, ohun tó sọ ni, "Ìyá mi ti dé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa." Ohùn kan náà ni. Mi ò tún un ṣe, mi ò sì béèrè ìdí. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, a tò jáde sí títì. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn olólùfẹ́ báǹdì ti ń dúró: àwọn ọlọ́kadà pa iná ọkọ̀, ìyá alákàrà yọ abọ́ kúrò lọ́nà, àwọn ọmọdé ti wà níwájú ẹni tó ń ju ọ̀pá kó tó ju ún. Tẹ́nọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé gbólóhùn náà, sáìdì dá a lóhùn, gbogbo òpópónà sì gbà á lẹ́nu. Mo gbọ́ bàbá, mo gbọ́ ìyá. Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń kígbe pé ọ̀gá òun ló dé. Ẹni tó ń gbọ́ ìlù kò sí lẹ́yìn òde ẹgbẹ́ onílù. Láìsí òun, ta ni yóò sọ ẹni tó dé?

Lẹ́yìn náà ni a sún mọ́ ilé ìwòsàn kan. Àwọn àgbà ti fi lélẹ̀ pé a kì í lu ìlù kọjá ibi tí aláìsàn wà. Ọ̀gá báǹdì gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ìlù dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, fèrè dákẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń fi ọ̀pá kan etí sáìdì rẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, kí ẹsẹ̀ má baà túká. Mo wò ó dáadáa, ọmọ abẹ́ igi máńgòrò ni. A ń lọ bẹ́ẹ̀ nínú òkùnkùn tó ń ṣú. Nígbà náà ni mo gbọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé wa, àwọn obìnrin pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, àwọn ọmọ iléèwé. Wọn ò dákẹ́. Wọ́n ń fi ètè lásán sọ ọ́, jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ọmọ náà ṣe ń lọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹni tirẹ̀, títí a fi kọjá ògiri ilé ìwòsàn tí béèsì sì tún gbé ohùn.